Èèpo Ọsàn Lára Ògiri Sàlámọ̀tù

"Rábíátù! Páálí rẹ ló fẹ́ pa ọkọ mi. Rábíátù, mo tún un pè."

Bí Sàlámọ̀tù ti sọ ọ́ tán, gbogbo ilé Agbẹ́dẹ ní Ẹ̀rúwà pa lọ́lọ́. Kì í ṣe nítorí páálí. Nítorí orúkọ ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá a. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sàlámọ̀tù ti ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìdílẹ̀kẹ̀, tí ó sì ń kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó dúró ṣanṣan, ó sì sọ orúkọ náà lù ú bí òkò.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, "Ẹnu lè gbàgbé, èèpo mọ iye ọsàn." Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà sì ń pa á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Mo ti gbọ́ ẹni tó ní ọ̀dọ̀ olóko kan tí wọ́n jí ọsàn rẹ̀ ká ló ti wá. Irọ́ ni. Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ jókòó. Inú ìjà Sàlámọ̀tù àti Rábíátù ló ti wá, nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n ń jà lé lórí wà lórí ibùsùn ọsibítù, tí kò lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé.

Búsàrí ni ọkùnrin náà, káfíńtà ni, ọkọ Sàlámọ̀tù, ẹ̀gbọ́n Rábíátù. Wọ́n ti sọ fún un láti ọdún tó ṣáájú pé ó ní àtọ̀gbẹ, pé kó jìnnà sí ohun dídùn. Rábíátù tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn wá kó páálí júùsì méjìlá ránṣẹ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà gàdàgbà pé wọn kò fi ṣúgà kankan sí i. Nígbà tí Sàlámọ̀tù rí i, ẹ̀rín ló fi í rín. Ó ní omi tí wọ́n ti fún láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí wọ́n dì mọ́ inú páálí, tí kò sì kan, kí ni wọ́n wá fi sí i tí kò jẹ́ kó kan? Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọkọ òun máa mu òkú omi. Ọsàn ń bẹ lóko bàbá òun, ọwọ́ sì ń bẹ lára òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, obìnrin náà mọ ọsàn bó. Ọsàn bíbó tà ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀ kó tó délé ọkọ. Bó bá ti ki abẹ bọ èèpo lórí, kò ní já títí yóò fi dé ìdí. Ọsàn kan, èèpo kan, gígùn bí ìgbànú. Kì í sì í dà á nù. Á so èèpo ti àárọ̀ mọ́ okùn kan, á so ti ìrọ̀lẹ́ mọ́ òmíràn, á wá fi wọ́n kọ́ sára ògiri ilé ìdáná kí wọ́n gbẹ, nítorí èèpo ọsàn gbígbẹ tètè ń ran iná, èéfín rẹ̀ sì ń lé ẹ̀fọn.

Ife ńlá kan láàárọ̀, ife ńlá kan nírọ̀lẹ́. Búsàrí ń mu ún, ó ń yin ìyàwó rẹ̀. Òǹgbẹ tún ń gbẹ ẹ́, ó tún ń bèèrè. Sàlámọ̀tù ń fọ́nnu kiri àdúgbò pé oògùn ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ òun. Ìṣó gún ọkùnrin yìí lẹ́sẹ̀ ní ìsọ̀, egbò náà kọ̀, kò jiná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣubú sáàárín pákó. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà mi orí. Ó ní bí ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí kò bá tètè wálẹ̀, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà.

Oòrùn ọjọ́ kejì kò tíì gun òkè tí Rábíátù fi dé láti Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sọ́dọ̀ ara òun, pé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé kò mọ ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Sàlámọ̀tù gbaná jẹ. Bí wọ́n bá gba ọkọ lọ́wọ́ obìnrin lójú gbogbo ilé, kí ló kù fún un? Ló bá ní Búsàrí ti ń mu júùsì páálí ní kọ̀rọ̀ ni, ló bá pe orúkọ tí kì í pè.

Baálé ilé, Bàbá Láwàní, ní kí tọ̀tún tòsì wá jókòó. Nọ́ọ̀sì Ayọ̀wùmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ló rán an wá wádìí ohun tí aláìsàn ń jẹ àti ohun tó ń mu nílé. Sàlámọ̀tù kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni bi í. Ó wọ yàrá lọ, ó wọ́ páálí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó dà wọ́n sílẹ̀ níwájú Baálé.

"Ẹ kà á," ó ní. "Ẹ kà á, kí ẹ rí iye tó ti mu."

Wọ́n kà á. Méjìlá ni. Eruku ti bò wọ́n, ẹnu wọn sì dì pinpin bí wọ́n ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Búsàrí kò ṣí ẹyọ kan.

Rábíátù kàn ń wo ìyàwó wọn látòkèdélẹ̀, bí ẹni ń wo aṣọ tí kò ní rà.

"Màmá, kí ni wọ́n wá ń mu?" Nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

"Omi ọsàn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ń fún un. N kò bu omi là á, n kò fi ṣúgà sí i."

"Ọsàn mélòó ló ń kún ife kan?"

Sàlámọ̀tù ní ta ló ń ka ọsàn, pé títí ife fi máa kún lòun ń fún un.

Ògiri ilé ìdáná ni Nọ́ọ̀sì ń wò, níbi tí okùn èèpo kọ́ sí lọ bẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sọ fún un pé ife kan ló ni okùn kan, ọsàn kan ló sì ni èèpo kan. Ó bèèrè okùn tó jẹ́ ti àárọ̀ àná, obìnrin náà sì nàka sí i. Èèpo rẹ̀ ṣì tutù. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ń fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Mọ́kànlá. Ó bọ́ sórí okùn ìrọ̀lẹ́ ìjẹta. Méjìlá. Ọsàn mẹ́tàlélógún, ọjọ́ kan kò tíì pé.

Ó wá yíjú sí Baálé. Ó bi í pé kí ọ̀rọ̀ fífún yìí tó dé, ọsàn mélòó ni Búsàrí ń mu bó bá jókòó tì í.

"Búsàrí tèmi? Méjì ni. Bó bá fi máa di ẹ̀kẹta, á ní eyín ti kan òun."

Ẹnì kan káwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì rọra ṣàlàyé. Ó ní ṣúgà tó wà nínú ọsàn, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀, ẹni tó bá ń mu ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ á sọ fún un pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí a bá fún mọ́kànlá sínú ife, ọ̀nà ọ̀fun kò lè kà á, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà. Òǹgbẹ tó ń gbẹ Búsàrí, àìsàn náà ló ń fi í kígbe, ṣúgà ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn.

Rábíátù ti ń múra àtirẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rí i.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò tiẹ̀ fi ṣúgà sí páálí yín, ti inú èso ṣì wà níbẹ̀. Pé ẹ̀gbọ́n yín ò mu ún nìkan ni kò jẹ́ kó jẹ̀bi."

Rábíátù fẹsẹ̀ ti páálí rẹ̀ sẹ́yìn.

Sàlámọ̀tù ní irọ́ ni. Ó ní òun ọmọ olóko ọsàn, òun tí òun ń jí ní kùtùkùtù láti fún ọsàn, òun kọ́ ló lè ṣe ọkọ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá àwọn ìyàwó yòókù ló so èèpo tiwọn mọ́ tòun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé Agbẹ́dẹ, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ kì í já. Òun náà wo èèpo, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Sàlámọ̀tù," Baálé ní, "ẹnu lè gbàgbé, èèpo mọ iye ọsàn. Rábíátù, lọ palẹ̀ ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́."

Ìbàdàn ni wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Búsàrí méjì kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ náà gbà là. Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti wà lẹ́nu àgbà. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń di ẹ̀bi ru ará òde, tí ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé òun fúnra rẹ̀, wọn kì í bá a pariwo. Wọ́n á jẹ́ kó bú ẹni tó fẹ́ bú, kó búra bó ṣe fẹ́, kó sọ̀rọ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò sọ fún un, lójú gbogbo ènìyàn, pé, "Ẹnu lè gbàgbé, èèpo mọ iye ọsàn."