Ọjọ́ Tí Jíìpù Fa Ìjàpá Bàbá Onípákó

Ní Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ilẹ̀ kì í tẹ́jú tó kí ọmọdé gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó má yí lọ, ọkùnrin kan wà tó ń ta pákó. Jẹ́gẹ́dẹ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò níwájú rẹ̀ o. Látìgbà tí ìyá yẹn ti kú, kò sẹ́ni tó tún pe Jẹ́gẹ́dẹ́ ní Jẹ́gẹ́dẹ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ìbídùn, àwọn oníbàárà ń pè é ní Bàbá Onípákó, àwọn tí kò mọ èyí tí wọn ì bá pè kàn ń dọ̀bálẹ̀ ni. Èmi tí mò ń dárúkọ rẹ̀ gbàǹgbà fún yín yìí, mo ti kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi kí n tó la ẹnu.

Bàbá yìí ní ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Tí ọyẹ́ bá dé, ògbólógbòó ìró ìyàwó rẹ̀ ló fi ń bò ó. Ó tún ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ìbídùn. Èwo ló fẹ́ràn jù nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé.

Ìbídùn ti rí ẹni tó fẹ́. Rópò ni wọ́n ń pè é, ó ń bá àwọn èèyàn gbẹ́ bòhóòlù, ó sì ní jíìpù ńlá kan tó fi ń fa ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọmọ dáadáa ni. Tó bá dé ilé Bàbá, àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọlé tán. Bàbá á ní ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀, Rópò á ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Màmá á ní iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, Rópò á ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Síbẹ̀, Bàbá kò tí ì fọhùn. Wọ́n á bi í pé ṣé kí ẹbí ọmọkùnrin máa bọ̀, á ní kí wọ́n fún òun láàyè. Ohun kan wà tí Bàbá ń dúró dè lẹ́nu ọmọ yìí. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ ọ́ fún yín báyìí, ẹ máa wò mí níran.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n mú Rópò lọ fi han ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin ní ìlú tó wà lẹ́yìn òkè, torí wọn kì í fi ọmọ fọ́kọ nílé wọn kí ìyá àgbà yẹn má rí ẹni náà. Bàbá wa Ìjàpá tirẹ̀ lọ, òun nìkan. Ó ní àgbà kì í jókòó sínú ọkọ̀ ẹni tí kò tí ì di àna rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé òun ti jẹ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Rópò àti Ìbídùn wà nínú jíìpù, wọ́n ń rọra tẹ̀lé e. Ìyá àgbà wo ọmọkùnrin náà lókè-nílẹ̀, ó ní ọwọ́ bàbá ọmọ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bàbá wá ṣèlérí pé bí àwọn bá ti dénú ilé lọ́jọ́ náà, òun á fọhùn: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ mọ irú ìjókòó tí Rópò wá jókòó sínú jíìpù nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀? Bí ẹni tó gbé ẹyin sórí.

Wọn ò tí ì dé ẹsẹ̀ òkè tí Ìjàpá fi wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó dákẹ́. Wọ́n ṣe é títí, kò jí. Bàbá ní òun ò ní fi ọkọ̀ òun sílẹ̀ sínú igbó kí wọ́n wá tú u bí ẹran iléyá. Wọ́n ní kó wá sínú jíìpù, ó ní ẹ gbàgbé ìyẹn. Ohun tó kù ò ju kí jíìpù fa Ìjàpá lọ.

Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ fífa nǹkan kì í ṣe tuntun sí Rópò. Ó mú okùn tó yi, ó so ó mọ́ ìkọ́ irin ní ìdí jíìpù, ó wọ abẹ́ Ìjàpá, ó so ó mọ́ ibi tó le níwájú. Ó gba gèlè pupa Ìbídùn, ó so ó mọ́ àárín okùn kí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn lè rí i. Ó dọ́gbọ́n pé òun ń nu dígí, ó fi yí kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá kí sítíárì má baà há. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe, ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn ló yẹ kó di sítíárì mú, kó máa fi ẹsẹ̀ bá bíréèkì wí díẹ̀díẹ̀, kí okùn má dẹ̀, torí tí okùn bá dẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀yìn á sáré wá kọlu tiwájú. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu Rópò. Ó wo Bàbá. Bàbá wò ó. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sà. Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Èmi ọmọ yín ni màá ṣe gbogbo rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Bàbá. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó sì na ẹsẹ̀.

Nígbà tí Rópò wọ jíìpù, Ìbídùn bi í bóyá ó sọ ọ̀rọ̀ bíréèkì fún Bàbá.

"Kí n pàṣẹ fún Bàbá?" ni Rópò wí. "Lónìí tí wọ́n fẹ́ fọhùn?"

"Ó dáa, èmi á sọ ọ́."

"Tó o bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi ni mo rán ẹ. Jẹ́ kí n rọra máa lọ."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè sọ fún bàbá ìyàwó yín pé ẹ̀fọ́ wà léyín rẹ̀, ẹ ń fi Rópò rẹ́rìn-ín.

Ibi tó tẹ́jú kò burú. Rópò ń wa jíìpù bí ẹni ń gbé òkú lọ. Okùn máa ń dẹ̀, ó máa ń le, Ìjàpá á fò díẹ̀, fìlà Bàbá á yẹ̀, á tún un ṣe. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ rí i, wọ́n ń kí i. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Bàbá, ẹ kú ìgbádùn!" Bàbá ń juwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń juwọ́ sósì. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó ti ń wa ara rẹ̀ kiri láti ìgbà èwe, kò tí ì sẹ́ni tó fà á rí.

Wọ́n gun òkè náà, ìyẹn ò ṣòro, torí okùn máa ń le tí ọkọ̀ bá ń gòkè. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé ó ń lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀gbun wà lápá òsì, ọ̀nà náà sì tún kọ́ bí ìkọ́ nísàlẹ̀. Wọn ò tí ì lọ jìnnà tí Rópò wo dígí, tó rí i pé okùn ti wọ́lẹ̀, gèlè pupa ń gbá títì. Ìjàpá ti ń sáré ju jíìpù lọ. Rópò sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì, torí Ìjàpá á rún mọ́ òun lẹ́yìn pẹ̀lú Bàbá nínú rẹ̀. Òun ò sì gbọdọ̀ sáré, torí tí òun bá fi eré dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́, okùn á ju Ìjàpá sínú ọ̀gbun bí ẹni ju òkò. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ẹni náà ń tún fìlà ṣe.

Rópò yọ orí síta. "Bàbá! Bàbá!"

Bàbá juwọ́ sí i.

Ìbídùn náà yọ orí lápá kejì, ó ń ké Bàbá, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí gbogbo ayé ṣe ń kí i láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Igbe "Bàbá" wo ló tún kù tó máa ta á jí? Ìjàpá ń súnmọ́. Ibi tí ọ̀nà ti kọ́ ń súnmọ́.

Ẹ di etí yín tí ẹ bá jẹ́ ọmọlúàbí.

"Jẹ́gẹ́dẹ́! Bíréèkì!"

Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni pe orúkọ yẹn bẹ́ẹ̀, Bàbá ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ni. Ara rẹ̀ gbọ́ ọ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ìbínú gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ ejò lórí, ó sì gbá sítíárì mú nígbà tí kò rí ẹni tó máa gbá mú lọ́rùn. Ìjàpá ké. Okùn le gan-an. Rópò náà wá rọra tẹ tirẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì sì jọ dúró síbi tí ọ̀nà ti fẹ́ kọ́.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, fìlà rẹ̀ ti kọjú sẹ́yìn.

"Ta ló pe Jẹ́gẹ́dẹ́?"

Rópò ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. "Èmi ni sà."

Bàbá wo ọ̀gbun. Ó wo ojú títì níbi tí táyà rẹ̀ ti fa ìlà dúdú.

"O ti mọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan pé èmi ló yẹ kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Mo mọ̀ sà."

"O sì ní kí n jókòó jẹ́jẹ́. Kí n má baà bínú, ó wá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n kú?"

"Rárá, sà."

Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ ọ rí kí Rópò sọ rárá fún ẹnikẹ́ni.

"Tún un wí," ni Bàbá wí.

"Rárá. Kò tẹ́ mi lọ́rùn sà. Tí ẹ bá sì tún káwọ́ lẹ́rán, mi ò ní fà yín kúrò níbí."

Ẹ ò tíì mọ ohun tí Bàbá ń dúró dè ni? Ó ti sọ fún Màmá tipẹ́ pé ọmọ náà dára, àmọ́ ọkùnrin tí kò lè sọ rárá fún òun, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ Ìbídùn jẹ? Òun tó ń retí rárá kan ṣoṣo, dídọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń kó wá fún un.

Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Dìde. Wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Rópò kọ́ ọ. Bí okùn bá ti fẹ́ wọ́lẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀; bí wọ́n bá fẹ́ dúró, kó ti ẹ̀yìn tẹ tirẹ̀ kí tiwájú tó tẹ̀. Bàbá padà sídìí sítíárì, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gèlè pupa kò tún kanlẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń kí i lójú ọ̀nà, kò dáhùn, ó ń wo okùn. Wọ́n ní Bàbá Onípákó ti ń gbéraga nítorí pé jíìpù ń fà á. Wọn ò rí òógùn tó ń ti iwájú orí rẹ̀ bọ́ sórí agbádá.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá gbé omi wá, ó bi í pé kí ló dé tó rẹ̀ ẹ́ tó báyìí, ṣebí wọ́n kàn fà á wálé ni.

"Wọ́n fà mí," ni Bàbá wí, "àmọ́ èmi náà ṣiṣẹ́." Ó mu omi tán, ó wá yíjú sí Rópò, ó ní kí ẹbí rẹ̀ máa bọ̀. Ó yíjú sí Ìbídùn tó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ, ọkọ rẹ nìyí. Ó mọ ọ̀nà, kò sì ní gbàgbé rẹ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá ń fà ọ́ lọ, má ká ọwọ́ lẹ́rán, má sì máa juwọ́ sí ará ọ̀nà."

Rópò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Bàbá fi igun ojú wò ó. Rópò yára ní òun tún máa rò ó wò ná.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé Bàbá Onípákó, ó dé ìsọ̀ pákó, ó dé ibùdókọ̀, ó sì di òwe àgbà. Bí ẹ bá ti wá rí ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, tó na ẹsẹ̀, tó ń wo sánmọ̀, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún un nìyí: ẹni tí wọ́n ń fà náà ní bíréèkì lẹ́sẹ̀.