Dúró Nídìí Ọ̀kọ̀

Ogun tí kò ní ọfà, tí kò ní ìbọn, ni ó wọ ìlú Agbọ́nrẹ́ lọ́dún kan, orí gbogbo ènìyàn sì dàrú. Ìgbóná ni. Bí ó bá pa ẹnìkan nílé kan, kí oṣù tó lé, àwọn tó lọ kẹ́dùn níbẹ̀ náà á ti dùbúlẹ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá lọ kí ọlọ́fọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹní tí òkú kú sí, kí ó sì bá ará ilé jẹun nínú àwo kan náà. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tá ni wọ́n ń pè é. Áà, àánú ni ó ń pa wọ́n, wọn kò sì mọ̀!

Ọdẹ́tókun ni ó mọ̀, ọmọ Mojìbọ́lá, géńdé tí ẹkùn rí tó yà lọ́nà. Ó dìde láàárín ìlú, ó ní: “Ẹ̀yin baba mi, ẹ ò rí i pé ẹni tó jókòó sórí ẹní ló ń kú? Ẹ kó àwọn aláìsàn fún mi. Màá tọ́jú wọn ní abà mi. Ibi tí mo bá gún ọ̀kọ̀ mi mọ́lẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má kọjá ibẹ̀.”

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó kó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Mojìbọ́lá ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó fẹ́ wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ dúró nídìí ọ̀kọ̀.”

“Èmi? Èmi tí mo bí ọ? Kí ni mo ṣe ọ́, Ọdẹ́?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ máa lọ.”

Ó sunkún délé. Ìlú gbọ́, wọ́n bú ọmọ náà kanlẹ̀, wọ́n ní irú ọmọ wo nìyí. Síbẹ̀ Mojìbọ́lá ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́, ọmọ á sì ké láti inú abà pé, “Mo ti rí i o!”

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, oúnjẹ àná ṣì wà níbẹ̀, èèrà ti bò ó. Ó pe Ọdẹ́tókun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ọ̀kọ̀, ó sì fà á padà. Ìdí ọ̀kọ̀ ló kúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti sunkún ọmọ rẹ̀.

Mọ́kànlá nínú àwọn aláìsàn ló yè, àwọn ló sì sin ín. Kò sí ẹni tí ìgbóná tún mú nílùú. Bí wọ́n bá bi Mojìbọ́lá léèrè, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Kò yé mi nígbà yẹn.”

Títí dòní, ẹnu ọ̀nà la ti ń kí ọlọ́fọ̀ ní Agbọ́nrẹ́, nídìí irin tí a gún mọ́lẹ̀. Ẹni tí a kò bá sì fẹ́ kó sún mọ́ wa, “Dúró nídìí ọ̀kọ̀” la ń wí fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di èébú, ó sì máa ń rú mi lójú, nítorí ẹni tí Ọdẹ́tókun fẹ́ràn jù láyé ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.