Ọ̀dà Pupa Láṣebìkan

Ìjọba ní kí igbó etí odò padà di igbó kìjikìji, wọ́n wá gbé ọ̀dà pupa lé Láṣebìkan aṣọ́gbó lọ́wọ́. Igi tó bá ti kùn, olóko kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tó dé ìdí obì Ìyá Dúrójayé, arúgbó náà dì mọ́ igi.

“Ọmọ mi, ìwọ́ ọmọ mi mẹ́fà ni mo sin síbí. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò.”

“Ìyá, ohun tó bá ti gba ọ̀dà yìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ó kùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọ̀dà pupa lára igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, níbi tí wọ́n sin ìwọ́ tirẹ̀ sí. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ̀ rọra bi í pé:

“Bàbá Ìbídùn, ta ló kun ẹ̀yìn yín?”

Ó sáré lọ bá Ìyá Dúrójayé, ó ká ẹ̀wù sókè. Arúgbó náà wò ó títí, kò fọwọ́ kàn án.

“Láṣebìkan, ta ló wá ni ọ́ báyìí?”