Ọkùnrin Tí Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ń Tó

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Èèyàn burúkú kọ́. Kì í jalè, kì í purọ́, kì í bá aládùúgbò jà. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ gbólóhùn kan fún un, tí o fẹ́ sọ ìkejì, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò ní, "Ó ti yé mi." Bí o bá bínú, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì pa á lówe fún ọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Àbúrò mi, ìwọ lo wá fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ sùn mí láàárọ̀ yìí, pé kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ tán, n kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu. Ìtàn ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn. Fara balẹ̀.

Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ, ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá. Ajá pupa ni, Púpa náà ni wọ́n sì ń pè é. Ọmọ náà ló gbé e wálé nígbà tó ṣì kéré, ó fi mílíìkì tọ́ ọ, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó, ó kọ́ ọ kó máa na ẹsẹ̀ iwájú kí àlejò. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí n ó fi dé." Bàbá gbà.

Kí ilé má bàa dákẹ́ jù, ọmọ náà ní kí wọ́n fa íńtánẹ́ẹ̀tì sílé fún bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan kọ́ sára ògiri pálọ̀, iná búlúù sì ń tàn lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọmọ yóò pè, wọn yóò sì máa rí ojú ara wọn nínú fóònù. Kí n sọ òótọ́, àwọn méjèèjì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá ara wọn sọ. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè ń yé? Púpa ni wọ́n jọ ń sọ. Ọmọ yóò pe orúkọ rẹ̀, ajá yóò na etí, yóò ti imú bọ ojú fóònù, bàbá àti ọmọ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wọn, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ẹ̀yìn ọgbà. Ajá yẹn ló so wọ́n pọ̀.

Íńtánẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ló sọ ọkùnrin náà di mẹkáníìkì. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, ó sì ti sú u láti máa jókòó sórí táyà àlòkù ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì látàárọ̀ dalẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní àtúnṣe ọkọ̀. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Ó pààrọ̀ bíréèkì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ sì ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò wo fídíò kan tán rí. Láyé ìgbà tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, ó ti kọ́ bí a ṣe ń fo ìbẹ̀rẹ̀, tí a ń wo àárín, tí a sì ń pa á kó tó parí, kí dátà má bàa tán. Ọgbọ́n ni nígbà náà. Ní báyìí tí dátà kì í tán nílé rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fo ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń gé ìparí. Àìní ti lọ, ìwà tí àìní kọ́ ọ kò bá a lọ.

Ọdún mẹ́fà ló fi ń bu omi ẹ̀rọ lásán sínú ráádíétọ̀ ọkọ̀ náà. Bó bá fẹ́ da omi ibẹ̀ nù, abọ́ ike kan wà tó máa ń gbé sábẹ́ ọkọ̀, Púpa a sì máa lá nínú rẹ̀. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, fídíò kan sọ fún un pé omi lásán ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì, pé kúláǹtì ló yẹ kó máa lò, omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà nínú ike. Ó rà á, ó dà á sí i, ọkọ̀ kò sì gbóná mọ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ráádíétọ̀ fi là, tí omi aláwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé abọ́ ike rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tú omi ráádíétọ̀ sínú rẹ̀, ó gbé fóònù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wá fídíò bí a ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà náà. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni inú fídíò dé ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ó ti yé mi," ó sì pa fídíò náà. Ó de rọ́bà. Ó da kúláǹtì tuntun sí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn, omi kankan kò sì kán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin bó ṣe ń lọ wẹ̀. Abọ́ wà níbi tó wà. Omi yẹn sì máa ń dùn lẹ́nu ẹranko. Púpa lá a bó ti máa ń lá a.

Àbúrò mi, mo rí ọwọ́ rẹ lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ. O rò pé o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Jókòó, n kò tíì débẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ajá náà ń fi ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ó bì. Ọkùnrin náà kọ ìbéèrè sínú fóònù. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó jáde sọ pé ó lè jẹ́ ooru, ó sì lè jẹ́ oúnjẹ tó ti kan, kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ìlà mẹ́rin ṣì wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Kò kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ pè. Ó pe Púpa, Púpa kò dìde. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ojú ẹ̀ ò dáa rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ajá ọ̀rẹ́ mi kan níbí náà ṣe báyìí, ó wá jẹ́ pé—"

"Ó ti yé mi," ni bàbá wí. "Ooru ni. Ó ti ń sàn."

Ó sì jọ pé ó sàn lóòótọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, Púpa dìde, ó jẹun díẹ̀, ó ju ìrù, ó tilẹ̀ na ẹsẹ̀ iwájú sí mi nígbà tí mo kí i. Ọkùnrin náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ní ooru ni, ẹ ò rí i?" Ní Mọ́ńdè, ajá náà kò lè gbé orí. Kò jẹ, kò tọ̀. Ó gbé e mọ́ àyà wọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà sáré dáadáa títí dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò gbóná rárá.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó béèrè ohun tí ajá mu, ọkùnrin náà sì sọ̀rọ̀ abọ́ fún un. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, oògùn ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Dídìde tó dìde lọ́jọ́ kejì yẹn, ẹ̀tàn ni. Ìgbà yẹn gan-an ni májèlé náà ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Ká ní ẹ gbé e wá ní Sátidé ni…" Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà dúró dè é. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kò sì sí ohun tó lè fi ṣe mọ́.

Púpa kú ní àárọ̀ Túsìdeé. Èmi ni mo bá a gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí a fọwọ́ tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí fídíò yẹn, ó wò ó dé òpin. Ibi tó pa á sí lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan péré ló kù. Ọ̀gbẹ́ni náà ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, "Ká tó pínyà o, omi tí ẹ tú sínú abọ́ yẹn, ẹ má fi sílẹ̀ níta. Ó dùn lẹ́nu ẹran, ó sì ń pa wọ́n." Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà dá a padà, ó tún un gbọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, òun ló sì mú kí n máa sọ ìtàn yìí fún ọ. Mo rí abọ́ náà. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, mo dúró lẹ́yìn ọgbà, mo rí i pẹ̀lú omi aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa ọkọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí omi yẹn ń ṣe fún ẹran. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá rántí pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un nípa táyà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, èmi tí mo fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní nínú ara mi pé ẹ jẹ́ kó máa yé e lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Mo ti kábàámọ̀ rẹ̀ títí, àbámọ̀ mi kò jí ajá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeé náà, ọmọ pè. Bàbá ní kí n má tíì lọ, mo sì dúró tì í. Ó sọ fún un pé Púpa ti kú. Ọmọ náà kò pariwo. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ti sọ fún mi ohun tó fẹ́ sọ: ó fẹ́ jẹ́wọ́ abọ́, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó sì fẹ́ ní kí ọmọ náà wá parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́jọ́ Sátidé, pé òun fẹ́ gbọ́ ọ. Kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ.

Ọmọ náà ní, "Ó ti yé mi, Bàbá." Ojú fóònù sì ṣókùnkùn.

Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ti rẹ̀. Mo wo ojú bàbá, mo yáa yí ojú mi sí ògiri. Iná búlúù yẹn ṣì ń tàn níbẹ̀. Ó ṣì ń tàn di òní. Ọmọ náà a máa pè lẹ́ẹ̀kan lóṣù; wọn a béèrè àlàáfíà ara wọn, ó parí.

Àbúrò mi, ti ọkùnrin yẹn tán, ó ku tìrẹ. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ìwọ àti ìyàwó rẹ jókòó nínú pálọ̀ mi yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, "Nǹkan kan wà tó ń ṣe mí…" Lẹ́ẹ̀kíní, o ní ó ti yé ọ, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, o ní ó ti yé ọ, iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù rẹ lò ń wò. Ó bá kó àwọn ife lọ sí ilé ìdáná, kò sì sọ ọ́ mọ́. Kí ni nǹkan náà? Èmi kò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. O ní ilé tòrò fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, o rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Púpa náà dìde lọ́jọ́ kejì.

Òótọ́ ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ààbọ̀ kejì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ó fọkàn tán ọ. Ẹni tó ń gbọ́ kò gbọdọ̀ bá a gé e.

Mo lè dákẹ́ lónìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti gbé ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo rí ọ. Ṣùgbọ́n mo ti dákẹ́ nígbà kan rí. Nítorí náà, lọ sílé, fi fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí o sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Sọ́ńdè, o fẹ́ gbọ́ ọ. Bí kò bá tètè fọhùn, dúró dè é. Bó bá sì sọ ọ́ dé ibi tó dà bíi pé ó ti yé ọ, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti di ẹnu rẹ mú jù.

Ó yá, mo ti parí ọ̀rọ̀ mi. O lè dìde báyìí.