Bí Mo Ṣe Bá Ọ̀dá Wíjọ́ Lórí Òkè Gbẹrẹfu

Ẹ̀yin àgbà tí orí yín funfun bí òwú, ẹ̀yin abiyamọ tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé kò sí ìtàn tí ẹ kò tíì gbọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í sì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni Ọdẹ́wùmí ọmọ Ọdẹ́jọbí, ará Òkè-Igbá, ìlú tí ajá wa kì í gbó bí kò bá tíì rí ẹran. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹran ìgbẹ́ kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ló yìnbọn tàbí obìnrin. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ẹkùn, mo ti bá ìkookò pín ihò kan sùn nígbà òjò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn tí n ó sọ fún yín yìí, kì í ṣe ẹran ni mo torí rẹ̀ lọ, ọmọ mi ni.

Àṣàkẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Ó fẹ́ Òkédìran, ọmọlúàbí ènìyàn, ará Àárín-Òkè, ìlú kan tó wà nínú àfonífojì láàárín àwọn òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu fi ń jẹko ní ìbàdí wọn bí àgùntàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn yẹ kó ti káṣẹ̀ nílẹ̀, tí àkọ́rọ̀ òjò yẹ kó ti fọ ewé, èrò ọ̀nà kan mú ìròyìn wá pé Àṣàkẹ́ ti bí obìnrin, ṣùgbọ́n pé kò sí omi ní ìlú wọn, ọyàn kò sì sun mọ́. Ẹ̀yin abiyamọ, ṣé mo tún ní láti sọ bí ara mi ṣe rí? Mo gbé ìbọn, mo gbé kèǹgbè omi méjì, mo jáde láìdágbére.

Ilẹ̀ Àárín-Òkè ti là bí gìgísẹ̀ arúgbó. Ọ̀sán ibẹ̀ ń jó bí iná alágbẹ̀dẹ, bí oòrùn bá sì wọ̀ tán, òtútù a máa bu ènìyàn jẹ. Mo bá Àṣàkẹ́ lórí ẹní, ètè rẹ̀ gbẹ, ọmọ náà ń fa ọyàn, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń sunkún tí omi kò sí nínú rẹ̀. Mo fún un ní omi mi. Omi kèǹgbè méjì, kí ni yóò dà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Òkédìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀dá o."

Àwọn aládùúgbò tò wọlé láti kí mi. Èyí kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ọ̀dá. Tọ̀hún wólẹ̀, ó ní ẹ kú ọ̀dá yìí, Màmá. Ìlú tó mọ ìkíni bí irú èyí, mi ò tíì rí i rí.

Lórí àpáta tó wà lẹ́bàá ìlú ni Àkàlà máa ń bà, ẹyẹ ńlá dúdú tí ẹnu rẹ̀ gùn bí àdá. Òun ló ń kéde ojú ọjọ́ fún àfonífojì náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ọ, ó tún ọ̀fun ṣe bí ìjòyè, ó ní, "Ará Àárín-Òkè, ọ̀sán yóò gbóná, òru yóò tutù. Atẹ́gùn gbígbẹ yóò ti àríwá wá, yóò gbé eruku. Bí oòrùn bá yẹ̀ àtàrí, yóò ṣú, ààrá yóò sán, òjò yóò bọ́ láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò ní dé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́tùnla, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí."

Àwọn ènìyàn ní, "A dúpẹ́, Olóyè." Wọ́n yíjú sí ara wọn, wọ́n kí ara wọn kú ọ̀dá, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ.

Ìbínú gùn mí. Mo na ìbọn sí Àkàlà. Mo ní, "Ìwọ ẹyẹ yìí, ṣé ìròyìn ikú ọmọ-ọmọ mi lo ń fi ohùn dídùn kéde?"

Kò tilẹ̀ mira. Ó ní, "Ìyá ọdẹ, ẹ rọra. Ẹni tó ké pé ilé ń jó kọ́ ló tiná bọ̀ ọ́."

"Ta ló wá tiná bọ̀ ọ́?"

"Ọ̀dá ló wọ̀ sórí Òkè Gbẹrẹfu. Ọdọọdún ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í sì í ju ìsinmi díẹ̀ lọ. Lọ́dún yìí, kò lọ mọ́."

"O mọ ìdí rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O sì dákẹ́?"

"Bí ọjọ́ yóò ṣe rí ni wọ́n ń bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀."

Mo yìnbọn. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ ni mo fi ọta gé, kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo tàsé. Ó wo ìyẹ́ náà bó ṣe ń já bọ̀, ó ní, "Ọ̀nà òkè wà lọ́wọ́ òsì yín."

Mo gun òkè náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Mo dé ibi tí òjò ti ń rọ̀ lókè orí mi, mo ń rí i bó ṣe ń ṣàn bọ̀, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbẹ yọ ahọ́n, ó lá a tán kí ó tó kàn mí, bí ọmọdé ṣe ń lá ọbẹ̀ ní ọwọ́. Mo bú atẹ́gùn náà. Ó bú mi padà, ó ní bí mo bá gbẹ tán, òun yóò lá èmi náà. Kò sẹ́ni tó ráyè ẹnìkejì nínú wa, a pínyà.

Lórí òkè, Ọ̀dá jókòó lórí ẹní nínú àgbàlá gbalasa. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ là bí ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ, bó bá sì rẹ́rìn-ín, eruku a jáde. Ó so àwọn ìkùukùu mọ́ èèkàn bí ewúrẹ́, wọ́n ń ké, ọmú wọn wú fún omi. Mo ronú kan ọyàn ọmọ mi tó gbẹ, ojú mi ṣókùnkùn.

Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé bí ẹ ṣe dé ilé onílé nìyí, tí ẹ kò kí èèyàn?"

Mo ní, "Èmi ni n ó kí ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Gbogbo ará ìsàlẹ̀ ló ń kí mi. Mo ti gba gbogbo ayé kọjá, èpè ni wọ́n fi ń lé mi níbi gbogbo. Níbí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọdé ti kúnlẹ̀, àgbà ti wólẹ̀, wọ́n ní ẹ kú Ọ̀dá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kú Ọ̀dá. Ọjọ́ díẹ̀ ni mo fẹ́ lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kí ènìyàn báyìí, ṣé ó bójú mu kí ó dìde lọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀. Mo ní, "Ìwọ òmùgọ̀ yìí, wọn kò kí ọ. Ara wọn ni wọ́n ń kí nítorí ìyà tí o fi ń jẹ wọ́n. Ṣé bí a bá kí ẹni tó ṣòfò kú ọ̀fọ̀, ikú la ń yìn?"

Ó mi orí. "Etí mi kò di. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Bí wọn kò bá fẹ́ mi, kí ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pè mí?"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo pe ìlú jọ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kí ẹnikẹ́ni kú ọ̀dá mọ́, kí wọ́n máa sọ pé ẹ kú òjò.

Baálẹ̀ wọn, Adégùnwà, àgbà tó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin, ní, "Ìyá ọdẹ, a kì í kí ohun tí kò sí. Oòrùn rèé lójú ọ̀run. Àwọn àlejò yóò ní orí wa ti dàrú."

Ẹnìkan ní, "Ó lè jẹ́ òkè ló kọlu Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Baálẹ̀ tún ní, "Ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́. Ẹ ní sùúrù."

Mo ní, "Kábíyèsí kékeré, ẹ rọra mú un títí ó fi bàjẹ́. Sùúrù kì í ṣe omi, ọmọ-ọmọ mi kò lè mu ún." Ẹ̀gàn ńlá ni, mo mọ̀. Wọ́n ké hàà, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, Òkédìran sì di ọwọ́ mi mú pé kí n má bà á jẹ́ fún òun.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Àṣàkẹ́ jáde, ó ń fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì gbá ọmọ mọ́ra. Oòrùn bá a lójú, ó fẹ́ ṣubú. Ó wá síwájú mi, ó fi orúnkún méjèèjì kan eruku tó gbóná náà, ó ní, "Ẹ kú òjò, Màámi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé e dìde, mo dáhùn pé, "O kú òjò, ọmọ mi." Òkédìran jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ó ní ẹ kú òjò, Bàbá. Baálẹ̀ wo ìkókó náà. Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Ẹ kú òjò, gbogbo ilé." Ó di ariwo. Obìnrin ń kí obìnrin, ọmọdé ń kí àgbà, wọ́n ń kí òjò tí kò sí títí àfonífojì fi gbọ̀n.

A gbọ́ ohùn Àkàlà lórí àpáta, ohùn rẹ̀ kò sì dán mọ́. Ó ní, "Ojú ọjọ́ ti yí padà. N kò mọ bí yóò ṣe rí."

Ọ̀dá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, okùn sì já ní èèkàn lókè. Àwọn ìkùukùu tú yáyá sórí wa, òjò sì dé, kò dúró lókè, ó bọ́ sí ilẹ̀ gbì. A gbé agbè, a gbé abọ́, ẹlòmíràn fi fìlà gbe omi. Àṣàkẹ́ mu, ó mu, ó mu, mo ń ní kí ó rọra, mo sì tún ń bu sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà fa ọyàn, kò jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀dá gba ẹnu bodè kọjá nínú òjò náà, ẹní rẹ̀ ní abẹ́ apá, ó tutù bí adìẹ tí òjò pa. Ó dúró níwájú mi. Ó ní, "Ìyá ọdẹ, ẹ kò tilẹ̀ ní dágbére fún mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, nítorí ilé rere ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí a ń sọ bí a bá ń sọ pé ó dàbọ̀: pé a ń retí ẹni náà. Mo pa ẹnu mi dé. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ilé yín fi ìjókòó fún ìyà. Ìyà tí a ń kí láràárọ̀, tí a kò bínú sí, yóò rò pé a fẹ́ràn òun ni, yóò sì ránṣẹ́ lọ kó ẹrù rẹ̀ wá. Ẹ bínú sí i kí ọmọ tó gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ bá àwọn ọmọ yín nílé. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ tún rí, nítorí náà ẹ̀yin ni mo wí fún: ó dàbọ̀.