Òkété àti Àkàrà Olómi

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra láti òkè òkun. Ó fò lórí omi, ó fò lórí igbó, ó wá bà lé Òkété tó fẹ́ dá jẹ oúnjẹ gbogbo agbo-ilé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ìbídùn, fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó yá.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé inú agbo-ilé kan ṣoṣo. Ẹfọ̀n ni baálé wọn. Ilé náà tóbi, ṣùgbọ́n ó kún. Yàrá kan péré ni gbogbo wọn mọ̀ pé ó ṣófo, ẹ̀gbẹ́ ihò Òkété ló sì wà. Kò ṣófo o. Òkété ti rọra kó ẹyìn sínú rẹ̀ títí ó fi kún dé òrùlé. Kò sí ẹni tó bi í, òun náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, àlejò kan dé. Ọ̀kín ni. Íńdíà ló ti wá, ìjì ló gbé e kọjá òkun. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹyin sì wà ní ikùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ẹfọ̀n, ó ní ibi tó gbẹ ni òun ń wá tí òun máa yé ẹyin sí. Ó ní bí òjò bá bá òun níta, òun kò ní rí ọmọ kankan gbé pọ̀n lọ́dún yìí.

Àánú rẹ̀ ṣe Ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ilé ní àṣà. Àlejò tó bá fẹ́ di ará ilé gbọ́dọ̀ se oúnjẹ ìlú rẹ̀ fún àwọn àgbà. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tó dùn mọ́ wọn, yàrá tó ṣófo di tirẹ̀. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kín dúpẹ́. Ó ní òun máa sè é lọ́la.

Òkété gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ sì dà rú. Ẹyìn òun ńkọ́? Ibo ni òun máa kó o sí? Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ronú ẹyìn, bẹ́ẹ̀ náà ni itọ́ oúnjẹ àlejò ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó rò ó, ó rí i pé òun lè ní méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dé ìdí àdògán kí Ọ̀kín tó dá iná. Ó ní òun wá bá ìyá àlejò ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀kín ṣàdúrà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oúnjẹ náà ṣe rí. Ọ̀kín po ìyẹ̀fun, ó fi iyọ̀ sí i, ó gé e wẹ́wẹ́, ó tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ. Nígbà tó sọ wọ́n sínú epo gbígbóná, gbogbo wọn wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń bínú. Wọ́n gbẹ, wọ́n fẹ́lẹ́, inú wọn sì ṣófo. Òkété ní tirẹ̀ ń sun ọ̀dùnkún, ikàn, àlùbọ́sà àti tòmátì lórí ẹyín iná. Wọ́n bó èèpo wọn, wọ́n rún wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀kín fọ àwìn sínú omi, ó gún efinrin àti atalẹ̀ sí i, ó wá da ata sí i, ata tó pọ̀. Ó ní ní ìlú àwọn, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń tà á, pàní púrì ni wọ́n sì ń pè é. Òkété ní orúkọ náà gùn jù. Ó sọ ọ́ ní àkàrà olómi.

Ó wá bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń pín in?"

"Àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ máa dúró yí mi ká," Ọ̀kín dá a lóhùn. "Màá fi ìka lu orí ọ̀kan, màá ki ọ̀dùnkún sí i, màá rì í bọ omi, màá gbé e fún ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa gbé e sẹ́nu. Kó tó jẹ ẹ́ tán, mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì."

"Bó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?"

"Kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀. Omi ò ní sùúrù."

Òkété mi orí. Ó tún mi orí.

"Ìyá àlejò, ṣé ẹ fẹ́ kí Baálé dìde dúró, kó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, kẹ́ ẹ wá máa fi oúnjẹ bọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Níbí, wọ́n á ní ẹ rí àwọn fín. Oúnjẹ àgbà, ńṣe là ń bù ú. A ó dé e. A ó gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé irọ́ ni Òkété pa? Kì í ṣe irọ́. Bí ìyá yín ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ tó bá fi òótọ́ bora ló máa ń ṣòro láti mọ̀.

Ọ̀kín wo oúnjẹ náà, ó wo Òkété. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n àlejò kì í mọ ilé ju onílé lọ, ẹyin inú rẹ̀ sì ń wúwo sí i. Ó ki ọ̀dùnkún sí gbogbo rẹ̀, ó bu omi sí gbogbo rẹ̀. Òkété tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, ó tò wọ́n, ó dé e. Ó ní kí Ọ̀kín jókòó sinmi, pé alásè kì í tẹ̀ lé oúnjẹ àgbà. Ó gbé agbọ̀n rù.

Ihò rẹ̀ ló ń lọ. Ó fẹ́ jẹ ẹ́ tán, kó nu ẹnu, kó wá lọ sọ fún àwọn àgbà pé òun dé ìdí àdògán, òun kò sì bá àlejò níbẹ̀. Wọ́n á lé Ọ̀kín lọ, ẹyìn á sì wà níbi tó wà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí ihò yẹn, iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé ló sì gbà kọjá. Ẹfọ̀n jókòó níbẹ̀, òun àti Àáyá àti ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ìgalà. Ebi ń pa wọ́n. Òkété sáré kí wọn, ó ń lọ.

Ẹfọ̀n ní kó dúró. Ó béèrè ìyàwó rẹ̀. Òkété ní ó wà. Ó béèrè àwọn ọmọ. Òkété ní wọ́n wà. Ìyá Ìgalà ní òun kò gbọ́ dáadáa, èwo nínú wọn ló wà? Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Òkété pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Bó bá dárúkọ ọ̀kan, ìyá a ṣàdúrà fún un. Nínú agbọ̀n, omi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àkàrà kan rọ̀, ó fara ti èkejì. Èkejì rọ̀, ó fara ti ẹ̀kẹta.

"Òkété," Àáyá pè é. "Kí ló ń kán lórí rẹ?"

"Aṣọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni."

"Aṣọ náà ń rùn bí efinrin."

"Efinrin ló fi fọ̀ ọ́."

"Ata yẹn ńkọ́?"

Òkété ṣẹ́jú. Omi kan ti kán sí i lójú ọ̀tún.

"Ata ti kòkòrò ni," ó ní. "Kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ."

Ẹfọ̀n ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ Òkété kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó kí àwọn bó ṣe yẹ. Háà. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Àáyá á ṣí i. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, ó di aláfojúdi. Òkété ní òun lè ṣe é pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó fi orúnkún kan lélẹ̀. Ó fi èkejì lélẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀.

Ewé ya. Gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, àti omi, àti ata, àti ìyẹ̀fun tó ti di ẹ̀kọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì dí pa.

Àáyá ní, "Mi ò rí aṣọ tó ní àlùbọ́sà nínú rí."

Ṣùgbọ́n Òkété ni Òkété. Ó nu imú, ó ní, "Baálé, mo fẹ́ bo àlejò yẹn láṣìírí ni. Oúnjẹ rẹ̀ lẹ̀ ń wò yìí. Ẹrẹ̀ ló sè fún yín. Ojú ló ń tì mí láti gbé e wá."

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. Lóòótọ́, ẹrẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ le. Àkókò yẹn ni Ọ̀kín sáré dé, torí ó ti gbọ́ ariwo. Ó rí iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ ìlú rẹ nìyí?" Ẹfọ̀n bi í.

"Òun ni, Baálé. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Ooru ọwọ́ alásè la fi ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró, kí omi tó rí i fọ́. Wọ́n sọ fún mi pé àrífín ni."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyẹ̀fun kù díẹ̀ lọ́wọ́ òun, omi náà sì kù nínú ìkòkò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Bí Baálé bá lè dìde dúró."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Ẹfọ̀n jẹ baálé, kò sí ẹni tó sọ pé kó dìde torí oúnjẹ rí. Ìyá Ìgalà wo Àáyá. Àáyá wo òkè. Ojú ọ̀run ti ṣú dúdú. Ẹfọ̀n jókòó, ó ń wo ikùn Ọ̀kín, ó ń wo ẹsẹ̀ tó wú.

Ó dìde.

Ìyá Ìgalà gbé ọ̀dùnkún wá láti yàrá rẹ̀. Àáyá mú àgbàdo tútù wá. Wọ́n sun méjèèjì níbẹ̀, Ọ̀kín dín àkàrà níbẹ̀, wọ́n sì dúró yí i ká. Ó lu orí ọ̀kan, ó ki í, ó rì í bọ omi. Ẹfọ̀n la ẹnu. Àkàrà ró kẹ́. Omi tú sí i lẹ́nu, ó kan, ó ta, ó tutù. Ẹfọ̀n gbé e mì. Ó wo bí agbo náà ti tóbi tó.

"Ìgbà wo ló tún máa kàn mí?" ó béèrè.

Wọn kò lé Òkété kúrò láàárín agbo. Ó kàn án lóòótọ́, Ọ̀kín gbé tirẹ̀ dé iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ló ń nù, kò mọ̀ pé ó ti dé. Omi ò ní sùúrù. Àáyá jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ ṣí yàrá fún Ọ̀kín. Ẹyìn ya lu wọ́n dé orúnkún. Wọ́n wo Òkété. Wọn kò tiẹ̀ bi í léèrè. Wọ́n pín ẹyìn náà kárí ilé, wọ́n gbá ilẹ̀, Ọ̀kín wọlé. Bó ṣe wọlé ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dá nígbà tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Òkété bá wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Títí di òní, ojú rẹ̀ kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́. Ìgbà tí gbogbo ayé bá ti jẹun tán ló ń jáde.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi àṣà ilé rẹ́ àlejò jẹ, àṣà náà ló máa dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ gbọ́ o, ìdìde kò dín iyì àgbà kù. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má lè pe orúkọ ara mi lọ́la. Ó dàárọ̀.