Kọfí Tí Náfútálì Kò Mu

Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Lórí òkè kan ní Gálílì, ogun ti parí, àmọ́ kùnrùngbùn ò parí. Jàmílù tó jẹ́ Árábù dí ọ̀nà kànga mọ́ Náfútálì, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Júù.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ Jàmílù sọnù, Náfútálì sì fà á wá fún un. Jàmílù bu kọfí fún un, ṣùgbọ́n Náfútálì gbé e sílẹ̀, kò mu ún. Àyà Jàmílù já. Lọ́dọ̀ àwọn Árábù, àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láì mu ún ní ohun ńlá kan tó fẹ́ tọrọ, ìtìjú sì ni fún onílé tí kò bá fún un.

Jàmílù ní: “Ó dáa, mo ti ṣí ọ̀nà kànga! Jọ̀ọ́, mu ún.”

Ẹnu ya Náfútálì. “Ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí o!”

Salmá, ìyàwó Jàmílù, bú sẹ́rìn-ín. “Baálé mi, ẹyin lohùn o! Ọ̀nà ti ṣí nìyẹn.”

Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí oòrùn fi wọ̀. Náfútálì ṣínu, ó tọ́ kọfí wò, ojú rẹ̀ hunjọ, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

Jàmílù figbe ta: “Kí ló tún kù tí o fẹ́ gbà?”

“Ṣúgà.”